Títú sílíkì ká, títún un dè: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ fíìmù fibroin

Ohun tí a fẹ́ ṣe ni fíìmù tó mọ́ gaara, tó fẹ́lẹ́, tí omi kò lè yòrò, láti ara fibroin, ìyẹn purotéènì tí ìdin sílíkì (Bombyx mori) fi ń kọ́lé. Ìgbà mẹ́rin la gbé iṣẹ́ náà kaná. Mẹ́ta àkọ́kọ́ bàjẹ́, ẹ̀kẹrin ló jọjú. A kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, títí kan ibi tí a ti ṣìṣe, torí pé ìwé ìlànà máa ń sọ ohun tó yẹ ká ṣe, kì í sábà sọ bí nǹkan ṣe ń rí lójú nígbà tó bá ti fẹ́ bàjẹ́.

Kí á tó wọ inú iṣẹ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ kan dání: omi. Okùn fibroin ńlá ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún amino acid (ègé kéékèèké tó ń para pọ̀ di purotéènì) lọ, ó wúwo tó nǹkan bí 390 kilodalton, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn mólékù. Ọ̀pọ̀ ibi lára rẹ̀ ló jẹ́ pé ohun kan náà ló ń tún ara rẹ̀ tò: glycine, alanine, glycine, alanine, glycine, serine. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kéré, ìdí nìyẹn tí okùn kan fi lè fara mọ́ èkejì pẹ́kípẹ́kí bí òwú tí ahunṣọ ta sórí òfì, tí ìdè háídrójìn á sì so wọ́n pọ̀. Ìtò yìí là ń pè ní ìpele bẹ́tà. Marsh, Corey àti Pauling ló ṣàpèjúwe rẹ̀ fún sílíkì ní 1955. Ìdè háídrójìn kan kò lágbára rárá. Pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ ló ń mú kí sílíkì yi. Omi náà máa ń di ìdè yìí mú, ó sì máa ń bá okùn kan du èkejì. Níbi tí omi bá ráyè wọ̀, okùn á tú. Níbi tí a bá ti lé omi jáde, okùn á so. Gbogbo àṣìṣe wa, yàtọ̀ sí ti ìkòkò àti káún, ibẹ̀ ló ti wá.

Ohun tí a lò fún ìgbà kan

- Ilé ìdin sílíkì tí a ti yọ ìdin inú rẹ̀: gíráàmù 5 (nǹkan bí ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún)
- Sódà ìfọṣọ, Na₂CO₃: gíráàmù 4.24 fún omi lítà 2
- CaCl₂ (iyọ̀ calcium chloride) tí kò ní omi nínú: gíráàmù 14.4
- Ẹtanọ́ọ̀lù: gíráàmù 12.0, ìyẹn mílílítà 15 àti díẹ̀
- Àpò dáyálísíìsì (àpò oníhò tíntìntín tó ń jẹ́ kí iyọ̀ jáde, tí purotéènì á kù sínú) tí ojú ihò rẹ̀ jẹ́ 3.5 kilodalton: nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30
- Omi distilled: nǹkan bí lítà 15
- Ìkòkò irin tí kì í dípẹtà, tẹ̀mómítà, òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù 0.001, mítà TDS kékeré (tó ń wọn ohun tó yòrò sínú omi, bí iyọ̀), àwo Petri oníwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 9, ìbọ̀wọ́, awò ààbò ojú

Omi distilled ló yà wá lẹ́nu jù nínú ìnáwó. Ẹni tó bá rò pé kẹ́míkà ló máa jẹ owó lè gbàgbé omi, bẹ́ẹ̀ omi ni iṣẹ́ yìí ń mu jù. Èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì ọkọ̀ ṣeé lò bó bá jẹ́ omi lásán, àmọ́ ásíìdì ló wà nínú ọ̀rá mìíràn tó jọ ọ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ sì ti mítà TDS bọ̀ ọ́. Tí ó bá ju 5 ppm lọ, ẹ má lò ó.

Ìpele 1: Gígé

Ẹ fi àlùmọ́gàjí la ilé ìdin, ẹ da ìdin àti awọ tó bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ nù, kí ẹ wá gé e sí wẹ́wẹ́ tó ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò. Èyí tó bá ní àbààwọ́n dúdú nínú, ẹ yọ ọ́ sọnù. Ọ̀rá ara ìdin ni, kò ní mọ́ tán láéláé, fíìmù á sì ní ojú bíi ti gilaasi tí èéfín bà.

Ìpele 2: Bíbọ sericin kúrò

Sericin ni gọ́ọ̀mù tí ìdin fi ń lẹ fọ́nrán méjì pọ̀. Ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n gbogbo ilé náà. Purotéènì ni òun náà, ṣùgbọ́n serine pọ̀ nínú rẹ̀, ó fẹ́ràn omi, ìdí nìyẹn tí omi gbígbóná àti sódà fi ń bọ́ ọ kúrò tí fibroin kò sì kúrò níbi tó wà.

Ìlànà: ẹ gbé omi lítà 2 kaná títí yóò fi hó, ẹ da gíráàmù 4.24 sódà sí i díẹ̀díẹ̀ (bí ẹ bá dà á lẹ́ẹ̀kan, yóò ru jáde), lẹ́yìn náà ẹ da sílíkì sí i. Ìṣẹ́jú 30 ni kó fi hó, kí ẹ máa fi igi rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ ọ́, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ fi omi tútù lítà kan ṣan án fún 20 ìṣẹ́jú, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ya á bí ẹni ya òwú, ẹ sá a sí ibòji di ọjọ́ kejì.

Ìgbà àkọ́kọ́ bàjẹ́ níbí yìí, ọ̀nà méjì ló sì gbà bàjẹ́. Àkọ́kọ́, ìkòkò alumí la lò. Sódà máa ń jẹ alumí. Omi náà di àwọ̀ eérú, sílíkì gbé àwọ̀ náà wọ̀, kò sì ṣeé fọ̀ mọ́. Èkejì, káún la fi rọ́pò sódà. Ní ti ẹ̀kọ́ kẹ́míkà, kò burú, torí sódà ni káún jẹ́ ní pàtàkì, ṣùgbọ́n iyanrìn àti iyọ̀ mìíràn wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì dúró sójú kan. Sílíkì yẹn jáde pẹ̀lú ara yíyọ̀, ó dín ní ìwọ̀n 11 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé gọ́ọ̀mù ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá rí sódà ìfọṣọ tó mọ́ lè fi baking soda ṣe é. Ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ gbé e sínú ófùn ní 200 °C fún wákàtí kan. Gáàsì àti omi á fò kúrò, Na₂CO₃ á sì kù. Gíráàmù 6.72 ló ń di 4.24. Ẹ wọ̀n ọ́n ṣáájú, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn. Tí kò bá tíì dín tó bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà sínú iná.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ́: tí ó bá tutù, ọwọ́ kò ní yọ̀ lára rẹ̀ mọ́, fọ́nrán á máa ya lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ kò ní dán bí ti tẹ́lẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Òṣùwọ̀n ló sì ń sọ òtítọ́ jù. Ní ìgbà kẹrin, gíráàmù 5.00 di 3.60. Ìwọ̀n 28 nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ, ibi tó yẹ kó wà gan-an nìyẹn.

Ẹ má sọ pé kó hó pẹ́ kó lè mọ́ dáadáa. Sódà tó ń bọ́ sericin ń gé okùn fibroin náà sí wẹ́wẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó hó fún wákàtí kan máa ń ní okùn kúkúrú ju ti ìdajì wákàtí lọ, fíìmù rẹ̀ kì í sì í yi tó.

Ìpele 3: Yíyòrò

Sílíkì kì í yòrò nínú omi lásán, bí a tilẹ̀ sè é títí di alẹ́. Ìpele bẹ́tà ti so pa, omi kò ráyè wọlé. Iyọ̀ tó le ni yóò já ìdè náà. Ọ̀nà méjì la gbìyànjú.

Ọ̀nà LiBr, iyọ̀ lithium bromide (ìgbà kejì). Èyí ni yàrá ìwádìí David Kaplan ní Tufts University, ní Massachusetts, sọ di mímọ̀ káàkiri. LiBr 9.3 molar ni: gíráàmù 16.15, kí ẹ fi omi kún un títí yóò fi pé mílílítà 20. Yóò gbóná fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń pò ó, nítorí náà bíkà tó nípọn ni kí ẹ lò. Mílílítà 4 fún gíráàmù kọ̀ọ̀kan sílíkì. Ẹ ki sílíkì mọ́ ìsàlẹ̀ bíkà kékeré kó le pin, ẹ da LiBr lé e lórí, ẹ bò ó, ẹ fi sí 60 °C fún wákàtí 4. Ẹ má rò ó ní wákàtí àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó mu ún. Ó yòrò pátápátá, ó di omi aláwọ̀ oyin tó ń fà bí omi ilá. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, àmọ́ owó LiBr nìkan ju owó gbogbo kẹ́míkà yòókù lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po.

Ọ̀nà Ajisawa, orúkọ olùwádìí tí wọ́n fi ń pe àpòpọ̀ yìí (ìgbà kẹta àti ìkẹrin). CaCl₂, ẹtanọ́ọ̀lù àti omi ni, ní ìwọ̀n mole (iye mólékù, kì í ṣe ìwúwo) 1:2:8. Ẹtanọ́ọ̀lù ń jẹ́ kí fọ́nrán wú, kálísíọ̀mù ń wọlé lọ di ibi tí ìdè háídrójìn ti ń so mú. Fún gíráàmù 3.60 sílíkì, a po CaCl₂ 14.4, ẹtanọ́ọ̀lù 12.0 àti omi 18.7, gbogbo rẹ̀ ní gíráàmù. Ó fún wa ní nǹkan bí mílílítà 38. Ẹ gbé ìgò rẹ̀ sínú omi gbígbóná tó wà ní 75 °C, pẹ̀lú ìdérí tí kò fún ju, fún wákàtí 2. Kò gbọ̀dọ̀ sí iná tó ń jó nítòsí: ẹtanọ́ọ̀lù ń hó ní 78 °C, oru rẹ̀ sì ń gbaná.

Ní ìgbà kẹta, ó wà nínú omi gbígbóná náà fún wákàtí 3, sílíkì kàn wú ni, ó rọ̀, kò yòrò. A fi kún ooru rẹ̀, ẹtanọ́ọ̀lù fò lọ, ó tún burú sí i. Ara ìgò CaCl₂ ni ìdáhùn wà: CaCl₂·2H₂O la rà. Omi ti wà lára iyọ̀ náà, a kò sì kà á mọ́ ọn. Gíráàmù 14.4 rẹ̀ kò fún wa ní mole 0.13 tí a fẹ́, 0.098 ló fún wa, ó sì gbé omi gíráàmù 3.5 wọlé. Ìwọ̀n 1:2:8 ti di 1:2.7:12.6. Omi ti pọ̀ jù, kálísíọ̀mù ti kéré jù.

Tí èyí tó ní omi lára lẹ bá ní lọ́wọ́, ìwọ̀n rẹ̀ nìyí: CaCl₂·2H₂O gíráàmù 19.1, ẹtanọ́ọ̀lù 12.0, omi 14.0 péré. CaCl₂ tí ìgò rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé rárá, ó ti mu omi inú afẹ́fẹ́. Ẹ gbé e sínú ófùn ní 200 °C kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. A po òmíràn bó ṣe tọ́, sílíkì yòrò láàárín wákàtí kan àti ààbọ̀.

Ìpele 4: Dáyálísíìsì

Ní báyìí, a fẹ́ lé iyọ̀ jáde kí purotéènì kù. Ihò ara àpò kò gba fibroin kọjá, ó gba kálísíọ̀mù àti ẹtanọ́ọ̀lù.

Ìgbà kejì kú síbí. A rọ omi sílíkì kún àpò dé ẹnu, a so ó, a jù ú sínú omi distilled lítà 2, a sì lọ. Iyọ̀ inú àpò ń fa omi wọlé kánkán ju bí iyọ̀ ṣe ń jáde lọ. Láàárín wákàtí 2, àpò náà ti le bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, ìdí kan sì tú. Ó ju ìdajì lọ tó bá omi lọ. Láti ìgbà yẹn, ìdajì àpò la ń rọ omi sílíkì sí. A ń fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kó lẹ̀ pẹrẹsẹ, a ń ká ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí á tó fi kílíìpù dì í. Mílílítà 38 tí a rọ sí i ní ìgbà kẹrin di nǹkan bí 70 nígbà tó parí.

Pípààrọ̀ omi, lítà 2 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: lẹ́yìn wákàtí 1, lẹ́yìn wákàtí 4, kí á tó sùn, ní òwúrọ̀, ní ìrọ̀lẹ́, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 48. Láti ìpààrọ̀ kejì la ti ń gbé e sínú fíríìjì. Bí iná bá lọ, kúlà tó ní yìnyín ń gbà á sílẹ̀. Sílíkì tó wà nínú ooru fún ọjọ́ méjì á kọ́kọ́ rùn, lẹ́yìn náà á dì.

Ìdánwò kan wà tí kò náni ní nǹkan kan. Ẹ bu mílílítà 5 nínú omi ìta sínú gilaasi kékeré, ẹ kán omi sódà ìfọṣọ mẹ́ta sí i. Tí kálísíọ̀mù bá ṣì wà, yóò funfun bí omidùn ògì lójú ẹsẹ̀. Tí ó bá mọ́ gaara, ẹ wá fi mítà TDS jẹ́rìí sí i: omi ìta tó ti wà pẹ̀lú àpò fún wákàtí 6 kò gbọ̀dọ̀ fi bẹ́ẹ̀ ju ti omi tuntun lọ. Ẹ má kán sódà sínú abọ́ dáyálísíìsì fúnra rẹ̀ o. Inú gilaasi ni kó parí sí.

Ìpele 5: Sísẹ́ àti wíwọ̀n, pẹ̀lú bí ìgbà kẹta ṣe dì

Omi sílíkì tó jáde látinú àpò máa ń ní ìdọ̀tí wẹ́wẹ́. Ẹni tó ní sẹntirifúùjì lè yí i ní 9,000 rpm fún 20 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ní 4 °C. A kò ní i, nítorí náà a fi aṣọ àsẹ́ onípele mẹ́rin sẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a gbé e sínú fíríìjì mọ́jú, a sì ré ojú rẹ̀ tó mọ́.

Ní ìgbà kẹta, a gbé e sórí ẹ̀rọ ìròpọ̀ onímágínẹ́ẹ̀tì kó lè dọ́gba, a sì yí i sókè. Ìfófòó kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà ni okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ ti dì bí ẹ̀kọ tútù nínú ìgò. Kò sí ọ̀nà tí a fi lè dá a padà. Fífà àti lílọ́ ń na okùn fibroin, ó ń tì wọ́n sún mọ́ra, omi tó wà láàárín wọn á kúrò, ìpele bẹ́tà á so. Bí ìdin fúnra rẹ̀ ṣe ń sọ omi purotéènì di fọ́nrán gan-an nìyẹn: ó ń gbé orí lọ sọ́tùn-ún sósì, ó ń fà á jáde. A ti ṣe iṣẹ́ ìdin fún un nínú ìgò. Láti ìgbà náà, a kì í gbọ̀n ọ́n, a kì í rò ó. A kàn ń dorí ìgò kodò lẹ́ẹ̀mejì ni. Pẹ̀lú pípẹ́tì náà, ara gilaasi ni kí ẹ jẹ́ kó ṣàn gbà sọ̀kalẹ̀.

Wíwọ̀n bó ṣe nípọn tó: mílílítà 0.5 sínú ìdérí alumí kékeré tí a ti wọ̀n ṣófo, 60 °C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi dín mọ́. Gíráàmù 0.022 ló kù, ìyẹn 4.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀nà LiBr máa ń fúnni ní 7 sí 8, torí pé kò fi omi púpọ̀ bẹ̀rẹ̀. Fún fíìmù, 4.4 tó.

Ìpele 6: Dídà á sórí àwo

Mílílítà 9 sínú àwo Petri sẹ̀ǹtímítà 9. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: gíráàmù 0.4 sílíkì lórí ojú tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 63 níbùú-lóòró, fíìmù á nípọn tó nǹkan bí maikirómítà 45. Ẹ fi ìwọ̀n tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ ibi tó tẹ́jú wo orí tábìlì kó tẹ́jú dáadáa. Tábìlì tó dagun díẹ̀ ń fúnni ní fíìmù tó nípọn lápá kan tó sì ń fọ́ lápá kejì. Ẹ fi abẹ́rẹ́ yọ òfóòfò kọ̀ọ̀kan. Ẹ bò ó ní ààbọ̀, kí ó gbẹ ní òru kan, kí fáànù má ṣe fẹ́ sí i tààrà: ojú á gbẹ ṣáájú ìdí, yóò sì ká kò.

Ìyókù ìgbà kejì tí a rí gbà là ni a kọ́kọ́ dà báyìí. Fíìmù yẹn mọ́ bí gilaasi. A kán omi kan sí i, láàárín ìṣẹ́jú kan ibẹ̀ ti yọ̀, ó sì dáhò. Gbígbẹ nìkan kò tíì so ìpele bẹ́tà.

Ìpele 7: Síso ó pa

Ọ̀nà méjì, fíìmù kan náà tí a gé sí méjì.

Ọtí: ẹtanọ́ọ̀lù 80 nínú ọgọ́rùn-ún fún wákàtí kan. Mẹtanọ́ọ̀lù ni àwọn ìwé sábà ń dárúkọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ kíákíá jù, ṣùgbọ́n oru rẹ̀ àti fífi ara kàn án lè fọ́ni lójú. A kò lò ó. Ọtí ń fa omi kúrò láàárín okùn lójijì, wọ́n á sì so. Fíìmù náà sún kì díẹ̀, ojú rẹ̀ funfun ní ìgbátí, ó ń dún pa-pa tí a bá tẹ̀ ẹ́, ó sì rọrùn láti ṣẹ́.

Oru omi: ike onídèérí tí a lè fi páǹpù ọwọ́ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, omi mílílítà 50 nísàlẹ̀, fíìmù lórí pẹpẹ wáyà, wákàtí 24. Ẹ̀rí ohun tí a sọ nípa omi ló wà níbí. Omi díẹ̀ ń mú kí okùn rọ̀, kí wọ́n lè rìn wá ibi tí wọ́n máa so sí. Omi púpọ̀ á gbé wọn lọ. Èyí tó gba oru mọ́ gaara, a sì lè ká a mọ́ igi pẹ́ńsù láìfọ́. Òun la fẹ́ràn jù.

Méjèèjì wà nínú omi fún wákàtí 24, kò sí èyí tó yòrò. A fi ègé ránṣẹ́ sí yàrá kan tó ní ẹ̀rọ infrared: òkè amide I (àmì tí ìdè ara purotéènì ń fi hàn lórí ẹ̀rọ náà) ti kúrò ní agbègbè 1645 cm⁻¹ níbi tí okùn rúdurùdu máa ń wà, ó ti bọ́ sáàárín 1616 sí 1637, níbi tí ìpele bẹ́tà ń wà. Oru omi kan náà ni àwọn olùwádìí Tufts lò ní 2016 nígbà tí wọ́n fi fibroin bo èso strawberry àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó má tètè bàjẹ́: bí ìpele bẹ́tà bá ṣe pọ̀ tó ni afẹ́fẹ́ àti omi kì í fi í ráyè kọjá tó.

Èyí tó kù: sányán

A kò lè ṣe iṣẹ́ sílíkì kí á má bojú wo sányán, èyí tí ìdin kòkòrò igbó tó ń jẹ́ Anaphe ń hun, tí àwọn bàbá wa ń fi omi eérú sè kí wọ́n tó ran án sí òwú aṣọ òkè. Ọ̀pọ̀ ìdin ló ń jùmọ̀ kọ́ itẹ́ kan, itẹ́ náà sì nípele-nípele. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, torí irun ara ìdin tó wà nínú itẹ́ ń yúnni lára gidi. Ìdin náà ní purotéènì kan tó ń ba fítámì B1 jẹ́, tí iná kì í tètè pa. Ó ti fa àìsàn ìta-gọ̀ọ́gọ̀ọ́ fún àwọn tó ń jẹ ẹ́ lásìkò rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Nítorí náà, ìdin tí a bá yọ, a dà á nù.

Gíráàmù 5 itẹ́ sányán, nínú sódà kan náà, ìṣẹ́jú 30: ó jáde bó ṣe wọlé, ó le, ó pupa rúsúrúsú, ìpele rẹ̀ kò ya. A fi sódà kún un dé ìlọ́po márùn-ún, a sè é fún wákàtí kan. Ìpele òde ti ń ya sí fọ́nrán, inú rẹ̀ ṣì le. A gé èyí tó kù sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a rẹ ẹ́ sínú omi eérú igi láti òní, pH rẹ̀ jẹ́ 11, ó wà nínú ike oníidèérí lábẹ́ tábìlì.